Ìrẹsì Tí Kò Rí Fìtílà Bàbá

Àbúrò mi Subal ló gbé iná náà sókè, n kò sì ní purọ́ mọ́ ọn, ìfẹ́ ló fi gbé e. Ṣùgbọ́n àṣejù ni baba àṣetẹ́, kódà bó jẹ́ ìfẹ́ òkú ni.

Ní Kolmidanga, abúlé wa, bí oṣù Kartik bá wọlé, tí òjò ti kásẹ̀ nílẹ̀ tí òtútù kò sì tíì dé, gbogbo ilé tí baálé rẹ̀ kú lọ́dún náà a máa gbé fìtílà kọ́ sórí ọparun gíga. Àwọn òkú wa ti wá mu omi tí a bù fún wọn lódò. Wọ́n ń padà lọ, ọ̀nà wọn sì ṣókùnkùn. Fìtílà amọ̀ ni, pẹ̀lú òróró díẹ̀ àti òwú kan, nínú ìkòkò tí a dá lu lára kí afẹ́fẹ́ má baà pa á. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò ju ti tanátaná lọ. Bí abẹ́rẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ nídìí ọparun náà, ilẹ̀ ni yóò mọ́ kí o tó rí i.

Subal kò gbé fìtílà. Gílóòbù ló gbé, irú ńlá tí wọ́n ń tàn sí pápá bọ́ọ̀lù, kò sì dúró de Kartik. Láti ọjọ́ Mahalaya, ọjọ́ tí ó wọ odò dé ìbàdí tí ó bu omi fún Bàbá, ló ti tàn án. Ìrọ̀lẹ́ ni yóò tàn án, àárọ̀ ni yóò pa á. Àwọn ará abúlé ní kò sí òkú tí ọ̀nà rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ti Bàbá wa.

Ó ní ìdí tirẹ̀. Ìtọ̀ ṣúgà ti gba ojú Bàbá ní ọdún mẹ́ta kó tó kú. Nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀, ó di Subal lọ́wọ́ mú, ó ní, "Má fi fìtílà játijàti kọ́ fún mi o. Èyí tí mo máa rí ni kí o gbé sókè." Bí o bá sì rán Subal ní iṣẹ́ ẹyọ kan, méjì ni yóò jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló ti rí láti kékeré.

Èmi ni Latika, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí ó ń pè ní Didi. Ogún ọdún ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìwádìí ìrẹsì kan ní ìlú. Ẹ má pè mí ní dókítà o. Èmi ni mò ń tẹ ẹrẹ̀, tí mò ń ka ṣírí, tí mò ń so nọ́ńbà mọ́ ìdí ìrẹsì lẹ́yọ lẹ́yọ. Ṣùgbọ́n etí mi kò di, àwọn tó mọ̀wé sì máa ń sọ̀rọ̀ lójú mi bí ẹni pé èmi náà jẹ́ ìrẹsì.

Ọjọ́ karùn-ún oṣù Kartik ni mo délé, nítorí Ma, ìyá wa, yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn adágún omi wa, apá wọn sì wú. Kí n tó bọ́ bàtà ni wọ́n ti fà mí lọ sí ẹ̀yìn ilé kí n wá wo ìrẹsì Bàbá.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ìrẹsì náà jẹ́. Mouful ni Bàbá ń pè é. Bí ó bá tanná, òórùn rẹ̀ á gba ìdajì abúlé kan. Àwọn tó kù ti fi irú rẹ̀ sílẹ̀ tipẹ́, wọ́n gba ìrẹsì ayára tí a ń kórè lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Bàbá nìkan ló di tirẹ̀ mú. Lọ́dún yìí kan náà tí ó kú, eku wọ inú ìkòkò irúgbìn, ẹ̀kúnwọ́ méjì péré ló ṣẹ́ kù. Ẹ̀kúnwọ́ méjì yẹn ni Ma gbìn, gbogbo rẹ̀ pátá, sí igun oko tó kángun sí ẹ̀yìn ilé. Irúgbìn kì í pẹ́ nínú ooru àti ọ̀rinrin wa. Bí igun yìí kò bá so lọ́dún yìí, Mouful ti tán nílé ayé nìyẹn, ó kéré tán ní ayé tí àwa mọ̀.

Orí igun yẹn gan-an ni ọparun Subal dúró sí.

"Wò ó," ni Ma wí, inú wọn ń dùn. "Wo bó ti tutù yọ̀yọ̀. Bàbá yín ló ń bójú tó o láti òkè."

Mo wò ó. Ó tutù lóòótọ́. Ó tutù jù. Ní ìwọ̀n ìgbà yẹn, ó yẹ kí ikùn igi rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wú bíi ti aboyún.

Moni Kaka, àbúrò Bàbá, wà ní òdìkejì kòtò omi, níbi tí iná Subal kò dé, tí òun náà gbin díẹ̀ sí nínú irú ìrẹsì mìíràn tó ń pẹ́ nílẹ̀. Ó nahùn sí wa: "Latika, ṣé o ti rí koríko màlúù tí àbúrò rẹ gbìn? Sọ fún un kó ra màlúù!"

"Kaka, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní igi ìrẹsì yín kan," ni mo wí.

"O fẹ́ fi ṣe kí ni?"

"Mo fẹ́ là á nínú."

"Ìlú ti ba ọmọ yìí jẹ́," ni ó wí, ṣùgbọ́n ó fà kan tu, ó jù ú sí mi.

Mo fi abẹ felefele la ti Kaka láti ìdí. Nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, ṣírí kékeré kan ti wà, ó funfun, ó rí múlọ́múlọ́ bí òwú, kò tó ìka ọwọ́ ọmọ titun. Mo la ti Bàbá. Ewé ló wà nínú ewé, ewé mìíràn tún wà nínú rẹ̀. Mo la mẹ́ta, mo la márùn-ún. Òfìfo ni gbogbo wọn.

Subal ti dé nígbà náà. Mo nàka sí òkè ọparun. "Iná rẹ nìyẹn. Òun ló ṣe é."

"Didi, ẹ ò tíì bu omi mu, ẹ ti ń bá mi jà?"

"Mi ò bá ọ jà. Irú ìrẹsì báyìí, òru ló ń wọ̀n. Bí òru bá ti gùn tó bó ṣe fẹ́, á mọ̀ pé òjò ti lọ, á yọ ṣírí. Ìwọ gba òru lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ Mahalaya. Lójú tirẹ̀, ilẹ̀ kò tíì ṣú dáadáa rí."

"Lójú tirẹ̀!" Subal lu ọwọ́ rẹ̀ pọ̀. "Kaka, ẹ gbọ́ o! Ìrẹsì ti ní ojú. Tó bá yá, á ní kí a ra jígí ojú fún un."

Kaka rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí bèbè. Subal wá mú mi lọ́wọ́, ó mú mi lọ sí ìdí ọparun, abẹ́ iná náà gẹ́lẹ́. Ìdì ìrẹsì kan wà níbẹ̀ tí n kò rí tẹ́lẹ̀. Ewé rẹ̀ ti ṣá bí aṣọ tí oòrùn ti pa, ó tín-ín-rín, ó dà bí ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe. Ma ti fẹ́ fà á tu lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ó ti yọ ṣírí. Ó ti yọ ṣírí kí ọdún Durga, tí í tẹ̀ lé Mahalaya, tó dé, ọmọ rẹ̀ mìíràn tún ń yọ lọ́wọ́.

"Ó dáa," ni Subal wí. "Bí iná mi kì í bá jẹ́ kí ìrẹsì so, èyí ńkọ́? Àbí ìyẹn ń gbé abẹ́ agboòrùn?"

Mo yí padà, mo wọlé lọ. Ogún ọdún nínú ẹrẹ̀, ìdì ìrẹsì kan ṣoṣo sì borí mi. Inú bí mi débi pé n kò jẹun alẹ́.

Ní ọjọ́ kejì, bí oòrùn ti ń wọ̀, mo ṣe ohun tí kò yẹ àgbà. Mo lọ sí ẹ̀yìn ilé, mo fa wáyà iná náà yọ. Subal wà nínú ilé ìdáná, ó rí i pé ojú fèrèsé ṣú lójijì, ó sì sáré jáde.

"Ta ló pa iná Bàbá?"

"Èmi ni."

Ó di ọparun náà mú bí ọmọdé ti í di aṣọ ìyá rẹ̀ mú. Ọkùnrin tó ti bí ọmọ méjì. "Didi, ẹ ò sí nílé nígbà tó ń kú. Èmi ni mo wà níbẹ̀. Èmi ló bẹ̀. Òkùnkùn ò mẹni ọ̀wọ̀. Ṣé kí wọ́n máa ti Bàbá síhìn-ín sọ́hùn-ún lójú ọ̀nà bí ẹni tí kò bímọ ni?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Òótọ́ ni, n kò sí nílé. Mo gbé wáyà náà lé e lọ́wọ́, ó tì í padà, iná sì bo gbogbo ìrẹsì náà lẹ́ẹ̀kan náà, ewé kọ̀ọ̀kan ń dán. Fún ìgbà àkọ́kọ́ ẹ̀rù bà mí. Kì í ṣe ẹ̀rù òkú. Ìrẹsì náà ni mo ń wò, bó ti dúró jẹ́ẹ́ lábẹ́ irọ́ tí a ń pa fún un, tó sì gbà wá gbọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni mo jókòó ti ìdì tó ṣá yẹn. Mo di ewé rẹ̀ mú, mo ń wò ó, ojú mi sì là. Mo ti rí irú rẹ̀ rí.

Ní ibùdó wa, yàrá onígíláàsì kan wà tí wọ́n máa ń fi aṣọ dúdú bò. Nínú rẹ̀, ìlà ìrẹsì kan wà tó ṣá bí èyí, àwa tí a ń tẹ ẹrẹ̀ sì ń pè é ní "àwọn aláìsàn." Ọjọ́ kan ni mo bi obìnrin tó ni iṣẹ́ náà pé kí ló ń ṣe wọ́n. A kò ní orúkọ fún un ju Madam lọ. Ó fọwọ́ gbá ewé kan, ó ní, "Latika, wọn ò ṣàìsàn. Afọ́jú ni wọ́n." Ó jókòó sórí garawa, ó sì ṣàlàyé fún mi bí ẹni tó ń pìtàn fún ọmọdé. Mo gbọ́ ọ nígbà náà, mo sì gbé e jù sí ẹ̀yìn orí. Mo dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrẹsì Bàbá, mo pariwo pe Ma àti Subal.

Subal dé, ó dijú mọ́rí. Ma dé, wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún gbá apá òsì mọ́ra.

"Ma, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ká apá aṣọ yín sókè."

Wọ́n ká a. Ibi tí wọ́n fi ṣubú pọ́n, ó dúdú ní ọjọ́ kìn-ín-ní. Nísinsìnyí àárín rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé, etí rẹ̀ sì ti ń di yẹ́lò.

"Ma, ta ló kùn yín ní àwọ̀ ewé?"

"Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ń kun arúgbó? Bẹ́ẹ̀ náà ló máa ń ṣe bó bá ń san."

"Ẹ̀jẹ̀ ló dì síbẹ̀. Ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó mú un pupa, ó rí roboto bí òrùka. Òṣìṣẹ́ kan wà lábẹ́ awọ yín, kò ṣeé fojú rí, ẹ́ńsáìmù ni wọ́n ń pè é. Ó ń gé òrùka yẹn, ó ń nà án. Bó bá ti gé e, pupa á di àwọ̀ ewé. Òun lẹ̀ ń wò lórí apá yín yẹn."

"Kí ni ìyẹn ní í ṣe pẹ̀lú ìrẹsì?" ni Subal bi mí, ṣùgbọ́n ó ti sún mọ́ apá Ma.

"Ìrẹsì náà ní òrùka pupa yẹn nínú."

"Irọ́."

"Mo fi Bàbá búra. Ó ní in, ó sì ní irú òṣìṣẹ́ kan náà, ọmọ ìyá èyí tó wà lábẹ́ awọ Ma. Ó ń gé òrùka náà. Ẹ́ńsáìmù kejì á gbà á, á tún un ṣe díẹ̀, ó di aró. Aró gidi, àwọ̀ omi òkun. Aró yẹn ló ń wọnú ilé kékeré kan nínú ewé, ó ń jókòó síbẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá bà á, á yí padà. Bí òkùnkùn bá pẹ́ tó, á yí sẹ́yìn. Òun ni ojú ìrẹsì. Òun ló fi ń wọn òru."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ma ń wo apá wọn, wọ́n tún ń wo oko, wọ́n tún ń wo apá wọn. Bí mo ti ń sọ ọ́, èmi fúnra mi ń wo àwọn ìrẹsì náà. Ogún ọdún ni mo ti ń so nọ́ńbà mọ́ wọn lọ́rùn, wọ́n sì ń wò mí. Wọ́n ń fi ohun tí ó bá ẹ̀jẹ̀ mi tan wo ojú ọ̀run lójoojúmọ́, wọ́n ń ka ìṣẹ́jú, wọn kò sì ṣì í kà rí, àfi ìgbà tí a bá tàn wọ́n jẹ.

Mo wá fi ọwọ́ kan ìdì tó ṣá. "Èyí, òṣìṣẹ́ tó ń gé òrùka ni kò sí nínú rẹ̀. Bó ti hù nìyẹn. Kò rí aró ṣe, kò ní ojú. Ìyẹn ló fi ṣá. Subal, o bi mí pé èyí ńkọ́. Afọ́jú ni. Kò rí iná rẹ. Òun nìkan ni iná rẹ kò lè tàn jẹ."

Subal yíjú sí ìdì náà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka méjì di ṣírí afọ́jú náà mú, ó rọra ń yí i. Mo rò pé mo ti borí. Ìgbà tó gbójú sókè ni mo rí i pé omijé ló wà ní ojú rẹ̀.

"Mo ti gbà, Didi. Mo ti gbà pé èmi ni mo ń pa ìrẹsì Bàbá. Ṣùgbọ́n mo ṣèlérí. Kí ni kí n pa? Ìrẹsì rẹ̀ ni, àbí ọ̀nà rẹ̀?"

Mo wo Ma. Madam kò kọ́ mi ní ìyẹn.

Ma ló jókòó sórí bèbè. "Subal, nu ojú rẹ. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ọdún mẹ́ta tí bàbá rẹ fi fọ́jú, ta ló ń fà á lọ́wọ́ wá sí oko yìí?"

"Kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa òun."

"Kí ló fi ń mọ ọ̀nà?"

Subal bojú wo oko. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la mọ̀ ọ́n. Ní àárín òwúrọ̀, lásìkò tí Mouful ń tanná, Bàbá á jáde láìmú ọ̀pá, á dúró ní bèbè yìí, á dijú tí kò ríran náà, á fa afẹ́fẹ́ símú, á ní, "Ó ti yọ." Kò ṣì í sọ lẹ́ẹ̀kan.

"Ọkùnrin tí kò rí oòrùn," ni Ma wí, "ṣé gílóòbù ni yóò rí? Ó ní kí o gbé ohun tí òun máa rí sókè. Imú ló fi ń ríran. Jẹ́ kí ìrẹsì rẹ̀ tanná, ọmọ mi. Yóò rí ilé."

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Subal gun àkàbà, ó sọ gílóòbù náà kalẹ̀. Kò jẹ́ kí n bá a di àkàbà mú, ó ní mo ti ṣe tó. Ma ran òwú, wọ́n bu òróró sínú fìtílà amọ̀, a sì fà á sókè nínú ìkòkò olójú. Nírọ̀lẹ́, ó ń tàn fírífírí lókè lọ́hùn-ún. Nísàlẹ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Mahalaya, ilẹ̀ ṣú fún ìrẹsì náà.

Mo kọ̀wé sí ibùdó pé Ma kò tíì gbádùn. Irọ́ ni, mo fẹ́ dúró ni. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, òfìfo. Ọjọ́ kẹtàlá, mo la igi kan, mo rí i: funfun, múlọ́múlọ́, kò tóbi ju èékánná lọ. Mo gbé e lé Subal lọ́wọ́. Ó pa ọwọ́ dé lé e lórí bí ẹni tó mú ọmọ ẹyẹ.

Ó ti pẹ́ o. Oṣù Ogrohayon tó tẹ̀ lé Kartik dé, gbogbo abúlé ṣe ọdún ìrẹsì tuntun, wọ́n po ìrẹsì àti wàrà àti ṣúgà ọ̀pẹ, wọ́n fi fún ẹyẹ ìwò jẹ nítorí àwọn òkú. Àwa kò ní nǹkan kan. Moni Kaka gbé àwo tirẹ̀ wá, kò sì fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, ìyẹn ló dùn mí jù. Òtútù bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé bí òtútù bá ká òdòdó mọ́, ìyàngbò lásán ni yóò so. N kò sọ fún wọn. Ma so òwú pupa mọ́ ìdí afọ́jú náà kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì tu ú, wọ́n sì ti gba irúgbìn rẹ̀ sínú ìkòkò ọ̀tọ̀.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ìkùukùu ti ká tán, oòrùn ti gòkè díẹ̀, mo ń fọ ìkòkò létí adágún. Mo rí Subal tó jáde láti ẹ̀yìn ilé, tó dúró lójijì ní bèbè. Kò rí mi. Apá rẹ̀ méjèèjì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ wà ní dídì. Ó fa afẹ́fẹ́ símú, ó fà á gan-an, títí èjìká rẹ̀ fi gbé sókè.

Mo dìde pẹ̀lú omi lọ́wọ́. Òórùn náà dé ọ̀dọ̀ mi.

Nígbà tó yá, tí a kórè, ìdajì rẹ̀ jẹ́ ìyàngbò, ìdajì kejì sì kún ìkòkò kan tán. Ṣùgbọ́n èmi kì í rántí ìkòkò náà. Àbúrò mi ni mo máa ń rántí ní òwúrọ̀ yẹn, ojú rẹ̀ wà ní dídì, tó ń sọ̀rọ̀ sí ibi tí kò sí ẹnikẹ́ni:

"Bàbá, ó ti yọ."